Lẹ́tà Méje Tí Mo Mọ̀ Ọ́n Kà

Ọdún tí àwọn ṣọ́jà ní kí gbogbo ayé máa tò sórí ìlà ni. Mi ò mọ iye tí àwọn oyìnbó ń pe ọdún náà, ìwọ tó ń bá mi kọ ọ́ ni kí o wá ìyẹn sí i bó bá wù ọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ṣọ́jà dúró sí gáréèjì pẹ̀lú ẹgba lọ́wọ́, ẹni tó bá fò ṣáájú ẹnìkejì láti wọ mọ́tò, wọ́n á ní kó máa tọ bí ọ̀pọ̀lọ́. Ìlà yẹn wọ àwọn èèyàn lára débi pé àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ń tò níwájú igbá ẹ̀kọ mi. Èèyàn mẹ́ta péré, wọ́n á tò! Màá ní, "Ẹ sún mọ́bí jàre, ẹ̀kọ ò ní ẹgba lọ́wọ́."

Ẹ̀kọ ni mo ń tà nígbà náà, ẹ̀kọ àti ọ̀jọ̀jọ̀. Mo ti bí ọmọ mẹ́ta, ìyá tìrẹ ni àbíkẹ́yìn wọn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n rìn ni. Mi ò fẹsẹ̀ kan ilé ìwé rí. Bàbá mi ní ọmọbìnrin tó bá ti mọ ọjà, ó ti mọ ìwé. Ohùn ni Ọlọ́run fún mi. Bí àwọn ará wa bá ti Mẹ́kà dé, ìyá mi ló máa ń lé wákà, èmi ni mo sì ń gbè é láti kékeré. Nígbà tí mo dé ilé ọkọ, èmi ni wọ́n ń pè kí n wá dá orin ní àsàlátù. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa orin kò ju ìyẹn lọ.

Ojú ọ̀nà tó lọ sí Ìjagun, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú wa níbí, ni mo ti ń tajà, lábẹ́ igi fúrúùtù kan tó kọjú sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ̀ka kan wà nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì náà tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní orin, ijó àti eré ṣíṣe pọ̀. Ẹni tó bá jáde níbẹ̀, eré olórin ni yóò máa ṣe lórí ìtàgé, iṣẹ́ tí yóò fi jẹun nìyẹn. Gbọ̀ngàn wọn kò jìnnà sí mi, fèrèsé rẹ̀ a máa wà ní ṣíṣí. Kò sí ohun tí wọ́n kọ níbẹ̀ tí n kì í gbọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, ọjà ò yá, eṣinṣin ni mo ń lé. Mo ṣàdédé gbọ́ tí ẹnu tó tó ogójì là pọ̀ nínú gbọ̀ngàn:

"Ẹ̀kọ ni mo fẹ́, ẹ má fi dù mí!"

Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Wọ́n tún kọ ọ́. Wọ́n tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, igbe ni wọ́n sì fi kọ ìyẹn. Mo ní nínú ara mi pé kí ló dé tí àwọn ọmọ yìí ń sunkún ẹ̀kọ, nígbà tí èmi wà níta níbí tí ẹ̀kọ ń bà jẹ́ lọ lórí igbá? Àbí tíṣà wọn ni kò jẹ́ kí wọ́n jáde wá rà? Mo gbé igbá karí, ó di inú gbọ̀ngàn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní:

"Ẹ gbà o! Ta ló fi dù yín? Ẹ̀yin mélòó lẹ fẹ́ jẹ ẹ́?"

Háà! Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, òmíràn jókòó sílẹ̀, òmíràn di ògiri mú. Tíṣà tó wà nídìí dùùrù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ṣùgbọ́n òkè òkun ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ibẹ̀ náà ló ti kọ́ orin, kò tíì pé ọdún kan tó dé. Yorùbá ẹnu rẹ̀ máa ń rọra rìn bí ẹni tó wọ bàtà tuntun.

"Màdáámù, ta ló pè yín?"

"Àwọn ọmọ yín ni, sà. Wọ́n ní ẹ̀kọ làwọn fẹ́."

"Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́! Ẹ̀kọ́ ìwé ni. Ọmọbìnrin inú eré yìí fẹ́ lọ sílé ìwé, bàbá rẹ̀ ò jẹ́ kó lọ."

"Ẹ má bínú, sà. Èyí tẹ́ ẹ fi ẹnu sọ yẹn, ẹ̀kọ́ ni. Èyí tí wọ́n kọ lórin, ẹ̀kọ ni. Ẹ̀kọ inú ewé. Òun rèé lórí mi."

Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ká ọwọ́ lẹ́rán, ó ní, "Ó dáa. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe yẹ kó rí."

Mo sọ igbá kalẹ̀. Orin wọn náà ni mo mú, mi ò ba nǹkan kan jẹ́ nínú rẹ̀. Mo kàn gbé "kọ́" lọ sókè, níbi tí ẹnu gbogbo ọmọ Yorùbá ń gbé e sí. Ẹ̀rín dá. Tíṣà padà jókòó, ó tẹ tirẹ̀ lórí dùùrù, ó tẹ tèmi. Ó tún tẹ méjèèjì. Ó wá pa ìdérí dùùrù dé.

"Oṣù méjì la ti ń kọ ọ́," ló wí. "Kí ló dé tí ẹnì kankan ò sọ fún mi?"

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ti Èkó wá, òun ni wọ́n mú láti ṣe ọmọ tó fẹ́ kàwé. Òun ló wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé gbogbo àwọn ló ti gbọ́ ẹ̀kọ nínú orin yẹn láti ọjọ́ kìíní, wọ́n tilẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ bí ebi bá ń pa wọ́n, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún tíṣà tó ti òkè òkun dé pé orin rẹ̀ ń ṣagbe oúnjẹ?

Tíṣà ò jẹ́ kí n lọ. Ó ní kí n bá òun gun orin lọ sókè, mo gùn ún. Ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀, mo sọ̀. Ó wá sọ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì fi àyè kan sílẹ̀ fún ẹni tó ní ẹ̀bùn tí kò ní ìwé ẹ̀rí. Yóò kọ́kọ́ lo sáà kan. Bí sáà bá parí, yóò ṣe ìdánwò. Bó bá yege, wọn yóò kọ́ ọ fún ọdún kan gbáko, yóò sì bá ẹgbẹ́ eléré kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ṣeré káàkiri. Bí kò bá yege, yóò máa lọ ilé rẹ̀. Láti ìgbà tí àyè náà ti ṣófo, kò sẹ́ni tó wá gbà á.

Bàbá ìyá rẹ, bíríkìlà ni. Oúnjẹ ló ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ fún un, ó gbé òkèlè padà sínú àwo.

"Aláré? Ìwọ? Ọlọ́mọ mẹ́ta?"

"Ilé ìwé ni, bàbá wọn. Wọ́n ń kọ́ ọ ni."

"Kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọ nínú orin? Ta ló kọ́ ẹyẹ? Mo sì rò pé Mùsùlùmí ni wá. Ṣé Mùsùlùmí ń fò sókè fò sílẹ̀ lórí ìtàgé ni?"

"Wákà tí ìyá yín ń kọ, ṣé orí ìbùsùn ni wọ́n ti ń kọ ọ́? Ṣé wọn kì í jó sí i?"

Ìyá ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ní, "Ẹ gbọ́ o, ẹ ò pè mí sẹ́jọ́ yín. Ṣùgbọ́n ní tèmi o, kó máa lọ. Ọmọ á wà lọ́dọ̀ mi. Ohùn yẹn ti pọ̀ jù fún ẹ̀kọ nìkan."

Ọkọ mi jẹun tán, ó ṣan ọwọ́. Ó wá ní, "Lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá ọ padà níbi ìdánwò, ọ̀rọ̀ ìtàgé ò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu rẹ nínú ilé yìí mọ́ láéláé. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Ẹni tó bá ti kọrin nínú gbọ̀ngàn yẹn lẹ́ẹ̀kan, tí ohùn rẹ̀ kan òrùlé tó tún padà wá bá a, kò ní lè máa gbọ́ orin láti ìta mọ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá fìdí rẹmi, igi fúrúùtù yẹn gan-an ni mo máa pa tì. Mi ò ní lè jókòó síbẹ̀ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ ni mo ń ta ẹ̀kọ, bó bá di ọ̀sán, màá ṣan ọwọ́, màá wọ gbọ̀ngàn. Má rò pé orin kíkọ lásán ni o. Wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa bí a ṣe ń mí. Wọ́n ní ká dùbúlẹ̀ gbalaja, ká gbé ìwé lé ikùn, kí ìwé máa gòkè kó máa sọ̀. Ìwé tí mi ò lè fi ojú kà, mo fi ikùn gbé e. Ẹni tó ń kọ́ wa ní ijó á máa ka wán, tú, tírì, fọ́ọ̀. Ijó tiwa, ilẹ̀ la fi ẹsẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Tirẹ̀, ó ní ká fò, ká sì rẹ́rìn-ín bí a bá ń fò. Ọjọ́ kìíní, ìdí ni mo fi balẹ̀. Àwọn ọmọ ní, "Ìyá Ẹlẹ́kọ, ẹ rọra, ẹ̀kọ ń dà!" Mo ní, "Ẹ wá ṣà á jẹ."

Ti ọ̀rọ̀ eré ò le fún mi. Wọ́n á ka ojú ìwé kan létí mi lẹ́ẹ̀mejì, ó ti wọlé nìyẹn, nígbà tí àwọn tó mọ̀wé ṣì ń ṣí ìwé wò. Àmọ́ ẹnu mi kò kúrò ní Ìjẹ̀bú. Níbi tí ìwé bá ti ní "ilé", èmi á pè é ní "ulé". "Igi" á di "ugi". Ọmọ Èkó á fi aṣọ bo ẹnu, á máa rẹ́rìn-ín. Tíṣà ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé ìlú Ìjẹ̀bú ni eré náà ti ṣẹlẹ̀, ta ló fẹ́ kí ìyá Ìjẹ̀bú máa sọ̀rọ̀ bí ará rédíò?

Èmi ni wọ́n fi ṣe ìyá ọmọ tó fẹ́ kàwé. Mo ní láti bá ọkọ mi inú eré jà nítorí ọmọ náà. Ọmọkùnrin ogún ọdún kan ló ń ṣe ọkọ mi, òwú ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lágbọ̀n fi ṣe irùngbọ̀n. Bó ṣe wọlé, orúnkún mi ti kanlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

Tíṣà pàtẹ́wọ́. "Ìyá! Ìjà lẹ fẹ́ bá a jà! Ẹ dìde!"

Mo ní, "Sà, ìjà ò dí ìkúnlẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ ìyàwó ilé lọ́dọ̀ wa, ó mọ̀ pé orí ìkúnlẹ̀ la ti ń sọ ọ̀rọ̀ tó le jù. Bí mo bá dúró, èèyàn á ní mo yájú, wọn ò ní gbọ́ ohun tí mo sọ. Bí mo bá kúnlẹ̀, kò síbi tí ọkọ fẹ́ sá gbà."

Ó wò mí. Ó ní kí n ṣe é kí òun rí i. Mo kúnlẹ̀ ti ọmọkùnrin yẹn, mo sì kọ orin ìjà náà sí i lójú láti ilẹ̀, pẹ̀lú "ẹ jọ̀ọ́ sà" ní ìparí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn. Ó rìn títí ó fi kan ògiri, irùngbọ̀n rẹ̀ sì já bọ́. Tíṣà ní, "Bó ṣe máa rí nìyẹn. Ẹ má ṣe yí i padà." Láti ọjọ́ náà, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdánwò dé ni ọ̀gá ẹ̀ka wa ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì. Obìnrin ni, ó sì le bí èkùrọ́.

"Ìyá, mo gbọ́ pé ohùn yín dùn."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, mà."

"Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ìdánwò wa. Ìwé orin tí ẹnì kankan ò rí rí la máa gbé fún yín. Ẹ ó wò ó, ẹ ó kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe é kò yege, òfin ni. Ẹ̀yin ò sì mọ̀wé. Mi ò fẹ́ kí ojú tì yín níwájú àlejò. Ẹ rọra máa bá ọjà yín lọ."

Mo dúpẹ́, mo jáde. Mo lọ jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù, mi ò gbé igbá, mo kàn jókòó ni. Ọmọ Èkó ló wá bá mi níbẹ̀.

"Àǹtí, kí ló dé?"

Mo sọ fún un. Ó pòṣé.

"Wọn ò sọ fún yín pé ìwé orin yàtọ̀ sí ìwé kíkà? Dò-re-mí ni wọ́n máa kọ síbẹ̀. Lẹ́tà méje péré ni gbogbo rẹ̀."

"Méje?"

"Méje, Àǹtí."

Mo ní, "Méje! Èmi tí mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tó ní ìsọ̀ lọ́jà, àti orúkọ ọmọ wọn, lẹ́tà méje ló fẹ́ lé mi lọ sílé?"

Ó ṣẹ́ igi, ó kọ wọ́n sórí yẹ̀pẹ̀. Ó ní èyí ni dò. Mo wò ó, mo ní olóyún nìyí, ó fẹ̀yìn ti òpó. Ó ní èyí ni re. Mo ní ìwọ̀ ni, ìwọ̀ tí wọ́n fi ń já ọsàn. Mí, òkè méjì tó dì mọ́ra. Èyí tó kàn, bàbá arúgbó tó tẹrí ba, tó há ọ̀pá mọ́ abíyá. Èkarùn-ún, ejò. Ẹ̀kẹfà, igi tí kò ní ẹ̀ka. Èkeje, àgbélébùú ṣọ́ọ̀ṣì, Ọlọ́run dárí jì mí, òun ni mo kọ́kọ́ há sórí. Ojoojúmọ́ la wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá tajà tán. Ó á kọ lẹ́tà, màá kọ orin. Èmi náà ń kọ́ ọ ní tèmi. Ọmọ Èkó ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ sókè àti ibi tó ń lọ sílẹ̀, bó bá fẹ́ kọ "ìyà", "ìyá" ló máa ń jáde. Mo ní, "Ṣé ìyá ló ń jẹ ọ́ ni? Gbé e sílẹ̀, gbé e sílẹ̀ pátápátá!" Àwọn tó ń kọjá á dúró wò wá, ọ̀mọ̀wé àti ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pariwo mọ́ra wọn lórí yẹ̀pẹ̀.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Èèyàn mẹ́ta ló jókòó nídìí tábìlì: ọ̀gá ẹ̀ka, tíṣà wa, àti bàbá kan tó ti Ìbàdàn wá, irun rẹ̀ funfun báláú, gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Mo jó, mi ò ṣubú. Mo ṣe eré orí ìkúnlẹ̀ yẹn, bàbá Ìbàdàn bọ́ gíláàsì, ó nù ún. Ó wá ku ìwé.

Ọ̀gá ẹ̀ka ní, "Eléyìí ò ní ṣe ti ìwé, sà. Kò mọ̀wé."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbé ìwé náà fún mi. Bí mi ò bá lè kọ ọ́, èmi fúnra mi ni màá jáde."

Bàbá Ìbàdàn ní, "Ẹ fún un."

Mo gbà á. Mo wò ó, lẹ́tà mi wà níbẹ̀ lóòótọ́! Olóyún méjì, òkè kan, ìwọ̀ mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn. Inú mi ti ń dùn. Ìgbà náà ni mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ wà lábẹ́ lẹ́tà wọ̀nyí, wọ́n tò bí ìjàlọ. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi sínú orin. Kò sẹ́ni tó bá mi dé ibi ìyẹn. Mo bojú wo tíṣà, ó ń wo ilẹ̀.

Mo fi inú kọ orin náà ná: dò dò mí, re re re, re mí. Mo tún un kọ nínú. Mo rántí pé ohùn tó bá ń lọ sókè sódò, ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Bí orin ẹ̀kọ yẹn ṣe pè mí láti ìta, bẹ́ẹ̀ ni eléyìí náà là ẹnu. Mo dìde dúró dáadáa, mo sì kọ ọ́:

"Òjò dé, ọmọ mi, wọlé."

Bó ṣe ń lọ ni mo ń tẹ̀lé e. Ẹni tó bá sá aṣọ síta, kó ká a wọlé. Ẹni tó ń sin adìẹ, kó pè wọ́n. Mo ń bá òjò náà lọ títí mo fi dé ìsàlẹ̀ ìwé.

Ọ̀gá ẹ̀ka ní, "Kò sí òjò lórí ìwé yẹn! Kò kà á. Ó fi sílẹ̀, ó ń kọ tirẹ̀."

Bàbá Ìbàdàn ní kí n mú ìwé wá. Ó fi ìka tẹ̀lé lẹ́tà wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ohùn tó kọ, òun gan-an ló wà níbí, kò ṣi ẹyọ kan. Màdáámù, ọ̀rọ̀ wo lẹ rí níbí?"

"Sà, mi ò mọ ohun tí ìwé sọ. Orin ló ní òjò dé."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ohun tí ìwé sọ ni 'Ayọ̀ wa kún, ẹ yọ̀ fún wa.'" Ó fi orin náà kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ayọ̀ náà rì mọ́lẹ̀ bí òkúta, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ pé ayọ̀ ni. Ó bojú wẹ̀yìn. "Ta ló kọ ọ̀rọ̀ yìí?"

Ọ̀gá ẹ̀ka wúkọ́. "Èmi ni, sà."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ gbé mi mì. Bàbá náà fa bírò yọ, ó kọ lẹ́tà tuntun sẹ́yìn ìwé níbẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ kankan sí i, ó nà án sí mi. "Èyí ńkọ́?"

Mo wò ó: re mí, re mí, dò re re mí. Mi ò tilẹ̀ ronú. Bí mo ṣe ń ké e lójú ọ̀nà Ìjagun náà ni mo ṣe kọ ọ́:

"Ẹ wá, ẹ wá, ẹ̀kọ wa dé!"

Ọ̀gá ẹ̀ka ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tó le bí èkùrọ́ yẹn, ó rẹ́rìn-ín tó fi gbá tábìlì. "Ìyá yìí, ẹ ò ní pa mí!" Bàbá Ìbàdàn ní, "Ìyáàfin, òfin yín ní kó kọ orin tí kò rí rí. Ó ti kọ méjì. Bí ẹ bá tún fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí orin, ẹ jẹ́ kó bá yín gbọ́ ọ ná." Ọ̀gá ẹ̀ka mú bírò, ó tọwọ́ bọ ìwé. Kó má baà jẹ́ pé mo purọ́ mọ́ ọn, láti ọjọ́ náà, kò sí orin tó kọ tí kò pè mí wá gbọ́. Ó á ní, "Ìyá, kí ni eléyìí sọ?" Nígbà míì màá ní, "Mà, ó dára." Nígbà míì màá ní, "Mà, ẹ gbé e sílẹ̀, èébú ni."

Orí mi wú bí mo ṣe ń lọ sílé. Ọkọ mi wà lórí àkàbà, ó ń rẹ́ ògiri ẹnìkan ládùúgbò. Mo dúró nísàlẹ̀.

"Bàbá wọn, wọ́n gbà mí o!"

Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Kọ ọ́ kí n gbọ́."

Mo kọ ọ́ níbẹ̀, láàárín títì, ti òjò yẹn. Àwọn obìnrin méjì sáré lọ wo aṣọ wọn lórí okùn. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín débi pé símẹ́ńtì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tí a ṣe eré náà níwájú gbogbo ìlú, gbọ̀ngàn ìlú kún, àwọn èèyàn dúró lẹ́yìn fèrèsé. Ìyá ọkọ mi jókòó níwájú pátá. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ ìjà, mo gbọ́ tí obìnrin kan láàárín èrò pariwo pé, "Sọ fún un! Má dìde!" Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ Èkó wá jáde, ó kọ orin ẹ̀kọ́ náà, ẹ̀kọ́ sì ni gbogbo wọn gbọ́, ó dún gbangba. Àwọn èèyàn dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí ọkọ mi, ó di ẹnìkan tí kò mọ̀ rí lọ́wọ́ mú, ó ń sọ fún un pé, "Ìyàwó mi nìyẹn. Èyí tó kúnlẹ̀ yẹn. Ìyàwó mi ni."

Mo lo ọdún kan náà pé. Mo bá ẹgbẹ́ wọn ṣeré ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, a dé Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀ ọdún ni iṣẹ́ orí ìtàgé fi bọ́ wa. Títí di òní, lẹ́tà méje yẹn nìkan ni mo mọ̀ ọ́n kà láyé yìí. Bí wọ́n bá gbé ìwé ìròyìn dé, àwọn ni mo máa ń wá nínú rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ mi dàgbà, tí wọ́n ń wá iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, èyí èkejì nínú wọn, wọlé lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ ti rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní níbi iṣẹ́ tí òun lọ, wọ́n ní ìwé tí òun mú wá kò tó, òun sì ti bẹ̀ wọ́n títí. Mo pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó. Mo ní, "Ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbà yín. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ ní kí wọ́n gbé e wá, kí wọ́n dán yín wò níbẹ̀. Bí ẹ bá ṣubú, ẹ dìde, ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ti ẹnu ọ̀nà padà."

Àkọ́bí mi, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ní, "Màámi, ṣé ká wá jáwọ́ nínú ìwé nìyẹn?"

Mo ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Lẹ́tà méje ló gbé mi débí. Ìwọ tí wọ́n kọ́ ní gbogbo rẹ̀, ibo ló yẹ kó o ti dé?"

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ padà lọ síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n dán òun wò.